Elégédé: Láti Ẹ̀bá Ebè Ọ̀yọ́ dé Ààrò Ògbómọ̀ṣọ́

Ní ọjọ́ ìkórè kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo jókòó sí ààrin àwọn àgbà ìjọ nígbà tí wọ́n ń lu nǹkan ìkórè ní gbàǹjo. Wọ́n ta iṣu, wọ́n ta àgbébọ̀ adìẹ, wọ́n ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn, owó gidi sì wọlé. Nígbà tí ó kan elégédé ńlá mẹ́ta tí ìyá arúgbó kan rù wá láti oko, olùgbàǹjo kígbe títí, kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ta ni yóò gbé oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ relé. Gbogbo ilé ìjọsìn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo jẹ́wọ́. Abẹ́ tábìlì ni elégédé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nígbà tí a túká.

Láàrin ọ̀sẹ̀ náà ni ọmọbìnrin mi pè mí lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ láti Maryland, ní Amẹ́ríkà. Ó ní, 'Dádì, ẹ dákun, báwo ni Màmá Òkèlẹ́rin ṣe máa ń ṣe elégédé inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn? Gbogbo ọjà tí ó wà níbí ni elégédé kún. Mo fẹ́ ṣe é fún àwọn ọ̀rẹ́ mi.' Màmá Òkèlẹ́rin tí ó ń wí yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹni tí ó tọ́ mi dàgbà, tí ó sì di olóògbé ní 2009. Mo la ẹnu, n kò rí èsì fọ̀. Mo ti ń gba ìjálá, oríkì àti ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ará Ọ̀yọ́ àti agbègbè rẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àpótí kásẹ́ẹ̀tì kún yàrá ìkàwé mi. Ṣùgbọ́n obìnrin tí mo jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ fún ogún ọdún, n kò bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé báwo ni ó ṣe ń se é.

Ìdí nìyí tí mo fi mú ìwé kíkọ bọ̀ ọ́. Àwọn ará ilé wa a máa sọ pé ti wa ni elégédé, pé àṣà òyìnbó ni kí a dà á pọ̀ mọ́ ẹyin àti mílíìkì kí a sì gbé e sínú ààrò. Bí a bá tọ ipasẹ̀ ìtàn, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àlejò ni èso náà, àlejò ni ààrò náà. Ohun tí ó jẹ́ ti wa ni ọwọ́ tí ó so àlejò méjèèjì pọ̀, ọwọ́ náà sì ni a kò kọ ìtàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí irúgbìn. Àwọn ìbátan elégédé tí ó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ aláwọ̀dúdú kò kéré: igbá tí a ń fi bu omi tí a sì ń fín ara rẹ̀, ẹ̀gúsí bàrà, àti ẹ̀gúsí ìtóò. Itàkùn ni gbogbo wọn, ewé wọn sì jọra. Ṣùgbọ́n elégédé gan-an, oníhò nínú, tí ẹran ara rẹ̀ pọ́n bí epo, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀. Nínú ihò àpáta kan tí ń jẹ́ Guilá Naquitz, ní agbègbè Oaxaca ní Mẹ́síkò, àwọn awalẹ̀-pìtàn rí èso inú rẹ̀ tí ènìyàn ti gbìn ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń gbin elégédé kí wọ́n tó gbin àgbàdo pàápàá. Lẹ́yìn tí Columbus tẹ ọkọ̀ dé ọ̀hún ní 1492 ni àwọn irúgbìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í la òkun kọjá, tí ọkọ̀ àwọn Potogí àti ti àwọn olówò ẹrú sì ń kó wọn wá sí èbúté ilẹ̀ wa.

Elégédé kò nìkan wá. Àgbàdo, gbágùúdá, ẹ̀pà, ata àti tábà, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà. Ta ni yóò gbà lónìí pé àlejò ni àgbàdo, tí ẹ̀kọ, ògì àti èkuru-àgbàdo kò jọ ohun àjèjì lẹ́nu ẹnikẹ́ni? Àní, àgbàdo ti wọ inú ẹsẹ Ifá, ó sì ti ní ìtàn tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn babaláwo kò bèèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ irúgbìn. Ohun tí ó bá ti bọ́ ènìyàn, tí ó sì fi ìwà hàn, Ifá a fún un ní ìjókòó. Báyìí ni Yorùbá ṣe ń sọ àlejò di ọmọ ilé: kì í ṣe nípa pé ó ti pẹ́ nìkan, bí kò ṣe nípa pé a rí iṣẹ́ fún un, a rí orúkọ fún un, a sì rí ìtàn fún un.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Ní àwọn oko tí ó wà láàrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn, ẹ̀bá ebè iṣu àti ìdí àkìtàn ni wọ́n máa ń gbin elégédé sí ní àkọ́rọ̀ òjò. Kò gba ilẹ̀ ọ̀tọ̀, kò bèèrè ọ̀pá bí iṣu. Ewé gbàràmù-gbaramu rẹ̀ a bo ilẹ̀, kì í jẹ́ kí koríko hù, kì í sì jẹ́ kí oòrùn fa omi ilẹ̀ gbẹ. Òdòdó akọ àti òdòdó abo ni ó ń yọ lórí itàkùn kan náà, oyin ni ó sì ń ṣe alárinà wọn. Nígbà tí ìdí rẹ̀ bá gbẹ, tí èékánná kò bá lè wọ èèpo rẹ̀ mọ́, ó ti gbó. Bí a bá gbé e sí ibi gbígbẹ, ó lè wà fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìbàjẹ́. Ẹni tí ó mọ ohun tí ìyàn jẹ́ ni yóò mọ iyì oúnjẹ tí kò bèèrè àká.

Ẹ má gbàgbé pé ìlú ogun ni Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí 1835, tí Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọjà, ọ̀pọ̀ àwọn tí ìlú wọn ti fọ́ ni ó sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé odi rẹ̀ kò wó. Irú ìlú bẹ́ẹ̀, tí èrò kún, tí oko ọ̀nà jíjìn sì léwu, ohun tí ó ń hù ní ẹ̀yìnkùlé ni ó ń gbé e ró.

Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Ohun kan ni a fi orúkọ méjì pè. Èso ni elégédé. Ọ̀mùnú ewé rẹ̀ tí a ń rẹ́ sè lọ́bẹ̀ ni gbọ̀ọ̀rọ̀. Òwò kò sì jẹ́ kí ọ̀nà láàrin Ọ̀yọ́ àti ilẹ̀ Haúsá gbófo rí, nítorí náà àwọn Haúsá ìlú wa ní tiwọn: kabewa ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n sì fi ń se ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní miyan taushe. Àwọn ìyá wa ń bọ̀ ọ́ jẹ, wọ́n ń gún un mọ́ ata àti epo, wọ́n sì ń yan èso inú rẹ̀ jẹ bí ẹ̀pà. Mo ti gbọ́ kí ìyá ọkọ gbàdúrà fún ìyàwó tuntun ní Ọ̀yọ́ pé kí ọmọ rẹ̀ fà bí gbọ̀ọ̀rọ̀, kí ó so bí elégédé. Àdúrà tí a fi àlejò gbà kọ́ nìyẹn, ohun tí ó ti di ará ilé ni a fi gbà á.

Ìtàn rẹ̀ ni ó wá jinlẹ̀ jù. Àwọn awo a máa sọ ìtàn kan nínú Ọ̀bàrà, pé Ọlọ́fin pe àwọn Odù jọ, ó sì fi elégédé ta wọ́n lọ́rẹ ní ìgbẹ̀yìn àpèjẹ. Inú bí wọn pé irú ẹ̀bùn wo ni èyí, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀bàrà tí òṣì ń ta. Ìgbà tí Ọ̀bàrà la elégédé pé kí ìyàwó òun rí nǹkan sè, owó àti ìlẹ̀kẹ̀ iyebíye ni ó bá nínú wọn. Ọjọ́ náà ni òṣì tán lára rẹ̀. Àwọn tí a kó lẹ́rú kó ìtàn yìí kọjá òkun, a sì ń pa á ní Kúbà àti ní Bùràsíìlì títí di òní olónìí. Odù ẹ̀rìndínlógún tí William Bascom gbà sílẹ̀ lẹ́nu Sàlàkọ́ ní Ọ̀yọ́ ní 1951 ni àwọn olórìṣà ọ̀hún náà ń dá; owó ẹyọ mẹ́fà tí ó bá ṣí ojú sókè, Ọ̀bàrà ni. Ní Kúbà, Ọ̀ṣun ni ó ni elégédé, ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀ṣun kì í sì í jẹ ẹ́. Ẹ wo bí ayé ti ń yí: èso kúrò ní Amẹ́ríkà wá sí ilẹ̀ Yorùbá, a fún un ní ìtàn, ìtàn náà sì padà sí Amẹ́ríkà nínú ọkàn àwọn tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè.

Ẹ jẹ́ kí a wá yà sí ọ̀dọ̀ ààrò, nítorí pé ìtàn tirẹ̀ yàtọ̀. Èdè wa fi hàn pé ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà fi iná ṣe oúnjẹ pọ̀: a ń sè, a ń bọ̀, a ń dín, a ń yan, a ń sun. Ṣùgbọ́n kí a ti nǹkan mọ́ inú ibi gbígbóná, kí iná yí i ká láìkàn án, a kò ní ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo fún èyí. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, ìṣòro yìí bá wọn. Àkàrà ni wọ́n pe búrẹ́dì, ìṣù kọ̀ọ̀kan sì di ìṣù àkàrà, bí ẹni pé ìyá alákàrà àti àgbẹ̀ oníṣu ni ó pàdé lórí òkè tí Jésù ti bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ààrò, tí ó jẹ́ ibi ìdáná lásán, ni wọ́n nà títí ó fi gba ilé búrẹ́dì.

Àwọn onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé ààrò irin wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Thomas Jefferson Bowen, ẹni tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, ni ó dá ibùdó wọn sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1855. Òun náà ni ó kọ ìwé gírámà àti àtúmọ̀ èdè Yorùbá tí Smithsonian tẹ̀ jáde ní 1858. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù bẹ̀rẹ̀ ní 1898, ilé ìwòsàn sì tẹ̀lé e ní 1907. Ọgbà ńlá ni wọ́n kọ́, àwọn ọmọ ìlú ni ó sì ń dáná fún wọn. Nínú ọgbà yìí ni Màmá Òkèlẹ́rin ti ṣiṣẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, ní àwọn ọdún 1970.

Bí oṣù kọkànlá bá ti dé, ìyá òyìnbó tí ó ń dáná fún a ní kí ó lọ wá elégédé tí ó pọ́n dáadáa. Ohun tí ó fà á ni ọjọ́ ìdúpẹ́ wọn. Ìyáàfin Sarah Josepha Hale ni ó fi ìwé bẹ àwọn Ààrẹ Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n sọ ọ́ di ọjọ́ gbogbogbòò, Lincoln sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1863, láàrin ogun abẹ́lé wọn. Hale ti ṣàpèjúwe irú àsè bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn àròsọ rẹ̀, Northwood, ní 1827, páì elégédé sì wà lórí tábìlì náà. Ṣáájú rẹ̀, Amelia Simmons ti kọ bí a ti ń ṣe é sínú American Cookery ní 1796: elégédé tí a sè tí a sì sẹ́, ọ̀rá wàrà, ẹyin, ṣúgà àti atalẹ̀. Ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń jẹ ẹ́, nígbà tí oko ti ṣófo tí òtútù sì ń bọ̀. Àwa kò ní ìgbà ìwọ́wé, ṣùgbọ́n a ní òpin òjò àti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, àkókò kan náà sì ni.

Ìkórè tí àwa náà ń ṣe ní ilé ìjọsìn, kí ẹnikẹ́ni má rò pé láti ìgbà àwọn àpọ́sítélì ni. Àlùfáà Robert Hawker ni ó dá irú rẹ̀ ti òde òní sílẹ̀ ní Morwenstow, ní Cornwall, ní 1843. A tètè gbà á nítorí pé a ti mọ ọdún ìjẹṣu tipẹ́tipẹ́. Ilẹ̀ ti wà, kí irúgbìn tó dé.

Ìyá òyìnbó kọ́ Màmá bí a ti ń po ìyẹ̀fun mọ́ bọ́tà, tí a ń tẹ́ ẹ sínú àwo, tí a ń da elégédé lé e, tí a sì ń gbé e sínú ààrò. Màmá kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹni tí ó kọ́ ọ lọ. Nígbà tí àwọn òyìnbó náà padà sí ìlú wọn, Màmá ń bá a lọ fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ. Kò ní ààrò mọ́. Ó da yanrìn sí ìdí ìkòkò irin ńlá, ó gbé àwo lé e, ó dé e, ó sì kó ẹ̀yinná sí orí ìdérí. Iná ìsàlẹ̀ àti iná òkè di ààrò.

Nígbà tí ó di 1987, ọ̀rọ̀ yí padà. Ó yẹ kí òǹkàwé mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Búrẹ́dì ti di oúnjẹ gbogbo ayé ní Nàìjíríà láti ìgbà tí Amos Shackleford, ará Jàmáíkà tí ó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní 1913, ti dá ilé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1921. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí àwọn oko tí a ń bomi rin ní òkè ọya, àlìkámà kò fẹ́ràn ilẹ̀ wa, nítorí náà ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá. Nígbà tí epo rọ̀bì kò mówó wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ìjọba ológun fi òfin de àlìkámà òkèèrè láti 1987, kò sì tú u títí di 1992. Ìyẹ̀fun gbówó lérí, ẹlòmíràn kò rí i rà rárá. Ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì ti ilẹ̀kùn. Àwọn mìíràn ń lú àgbàdo àti gbágùúdá mọ́ ìyẹ̀fun.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà náà. Ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹgbẹ́ ń retí páì, kò sí ìyẹ̀fun. Màmá ya ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó rà á lójú iná kí ó má baà ya, ó tẹ́ ẹ sínú ìkòkò dípò ìyẹ̀fun àti bọ́tà, ó sì da elégédé sí i. Nígbà tí a ṣí i, òórùn ewé ti wọ inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kódà nígbà tí ìyẹ̀fun padà sí ọjà, Màmá kò fi ìyẹ̀fun àlìkámà ṣe é mọ́. Ó ní, 'Èyí tí ó ní ewé ni ó mọ orúkọ mi.'

Ìwọ̀nba tí mo rántí, pẹ̀lú èyí tí àbúrò mi obìnrin rán mi létí, ni mo kọ ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Ẹ bó elégédé tí ó pọ́n, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi omi díẹ̀ sè é títí yóò fi rọ̀. Ẹ sẹ́ omi ara rẹ̀ dànù dáadáa, nítorí omi ni ọ̀tá rẹ̀. Bí kò bá gbẹ, kò ní dì. Ẹ gún un kúnná. Sí ife mẹ́rin rẹ̀, ẹ po ẹyin mẹ́ta, agolo mílíìkì kan, ṣúgà ṣíbí ìjẹun mẹ́fà tàbí oyin, ìyẹ̀fun àgbàdo ṣíbí méjì, atalẹ̀ tí a lọ̀, kànáfùrù díẹ̀ àti iyọ̀ ṣínńṣín. Ẹ dà á sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti rà lójú iná, ẹ dé e, kí iná má sì le jù. Bí wákàtí kan bá fẹ́ pé, ẹ fi ọ̀bẹ gún àárín rẹ̀; bí ọ̀bẹ bá jáde ní mímọ́, ó ti jinná. Ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó gé e.

Ọmọ mi ṣe é. Ilé ìtajà àwọn ará Mẹ́síkò ni ó ti rí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rà. Ó ní ọmọ Mẹ́síkò kan wà láàrin àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ ẹ́, tí ó sì sọ pé ìyá-ìyá òun náà máa ń di oúnjẹ sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo rò ó lọ́kàn mi pé elégédé ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni ín.

Ó sì tún sọ ohun kan tí ó dùn mí. Ó ní, 'Dádì, ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n nǹkan kan kù.' Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. N kò mọ ohun tí ó kù náà, kò sì sí ẹni tí mo lè bi mọ́. Bí agbohùnsílẹ̀ mi bá ti lo ọ̀sán kan ṣoṣo ní ilé ìdáná Òkèlẹ́rin, ìbá wà nínú kásẹ́ẹ̀tì lónìí.

Àwọn àgbà ní ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gi ń náání èèpo igi. Àwa tí a ń kọ ìtàn àṣà ti náání ààfin, a ti náání ojúbọ, a ti náání ogun. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ìtàn tí àwọn ìyá wa ń ro lójoojúmọ́ lẹ́bàá ààrò, a fi í sílẹ̀ bí àwọn Odù ti fi elégédé sílẹ̀ fún Ọ̀bàrà. Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé, ẹ gbé àpótí lọ jókòó tì í ní ilé ìdáná, kí ẹ sì mú ìwé àti gègé dání. Ní ti èmi, ìkórè ọdún tí ó tẹ̀lé e, mo lọ sí gbàǹjo. Nígbà tí wọ́n gbé elégédé síta, tí olùgbàǹjo kígbe, èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn.